Ibi Tí Ọyẹ́ Ti Ń Wá

Wọ́n ti gbé òṣùwọ̀n dé.
Ọkùnrin tó ń ra irin yí mọ́tò náà po,
ó fi ìka kan bọ́dì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta
bí ẹni tó ń yan àgbọn.
"Ìyá, èyí ti dípẹtà tán. Kílò ni n ó fi rà á."
Mo ní kó jẹ́ kí n gbálẹ̀ inú rẹ̀ ná.
Ó rẹ́rìn-ín.
Ta ní ń gbálẹ̀ fún ohun tí wọ́n fẹ́ fi iná gé?

Àmọ́ ilé ni.
Ẹ̀yìnkùlé yìí, l'Ókè-Baálẹ̀, ni Bàbá ti sọ ọ́ di ilé,
lọ́dún tí iléeṣẹ́ irin ní kí wọ́n máa lọ láìsan kọ́bọ̀.
Ọwọ́ tó ti mọ irin kò mọ ìkáwọ́gbera.
Ó ra bọ́ọ̀sì iléèwé kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́,
ó tú ìjókòó, ó kan bẹ́ẹ̀dì méjì,
ó de sítóófù mọ́lẹ̀ kó má baà yí dànù.
Aládùúgbò ní ìṣẹ́ ti dà á lórí rú.
Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Ó rán kọ́tìnnì.

"A fẹ́ lọ wo ibi tí ọyẹ́ ti ń wá,"
bí ẹni tó ní ká dé Ìkìrun ká bọ̀.
Alàgbà Fátóyìnbó ní, "Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó,
ṣebí àpò ṣòkòtò ló wà?"
Bàbá fa àpò tirẹ̀ yọ síta:
"Mo ti wò ó. Ó ti lu."

Màmá Àwẹ̀ró gbé kẹ́ẹ̀gì omi kànga wa méjì wọlé,
ó fi wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.
Omi ibòmíràn kì í mọ ọ̀fun ẹni, ó wí.
Lórí afárá Jẹ́bà, Oyèkànmí ń ka irin afárá títí oorun fi gbé e lọ.
A kọjá Mókwá, igi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú,
ọjọ́ kẹta, wọn ò ga ju èmi lọ mọ́,
ọjọ́ karùn-ún, kò sí wọn.
Iyanrìn nìkan, ó lọ súà
bí gààrí tí ẹnìkan sá, tí kò padà wá kó.

Ibẹ̀ ni mọ́tò ti wúkọ́ ẹ̀ẹ̀kan, tó dákẹ́.
Ràdíétọ̀ mu kẹ́ẹ̀gì kìíní tán.
Màmá ń wò ó bí ẹni tí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀.
Nígbà náà ni ọmọkùnrin kan fa ràkúnmí dé,
ètè rẹ̀ ti sán. A ò gbọ́ èdè ara wa.
Kò sẹ́ni tó ní kí Màmá ṣe é:
ó da kẹ́ẹ̀gì kejì sínú abọ́,
ọmọ mu, ràkúnmí mu,
ó sì nu ọwọ́ sí ìró.
"Wọ́n ti di ará Òṣogbo," ó wí.

Lálẹ́, Bàbá gun òrùlé bọ́ọ̀sì, ó tan tọ́ọ̀ṣì síwájú.
Ìmọ́lẹ̀ náà kò ba ohunkóhun.
A gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lókè orí wa,
èyí tí a ò gbọ́ láti ọjọ́ iléeṣẹ́.
"Ẹ sùn o. Ọyẹ́ ò nílé. Ojú ọ̀nà ló ń gbé."

Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni mọ́tò náà fi délé, kò sì lọ mọ́.

Mo ti ìgbálẹ̀ bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá.
Iyanrìn jáde. Kì í ṣe tiwa,
tiwa pupa, ó máa ń lẹ̀ mọ́ni lẹ́sẹ̀;
èyí kúnná, ó ń sá fún ọwọ́.
Ó kún ìdajì agolo wàrà.
"Ṣé kí n wọ̀n ọ́n mọ́ ọn ni?" ọkùnrin náà ń ṣàwàdà.
Mi ò dá a lóhùn. Mo tú kọ́tìnnì,
mo sọ̀ kalẹ̀, ó ṣáná sí iná ìgérin.

Atẹ́gùn gba ẹnu ọ̀nà tí kò nílẹ̀kùn mọ́ wọlé,
gbígbẹ, pẹ̀lú eruku,
ó jókòó síbi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.